Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: «Máa Gbé E» àti «Má Gbé E»: Bí A Ṣe Ń Lo Kíréènì Láìfi Ẹ̀mí Wewu

OHUN TÍ Ẹ MÁA KỌ́

Nígbà tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ máa lè:
1. dárúkọ àwọn ẹ̀rọ ńlá tí a ń lò níbi ìkọ́lé;
2. ṣàlàyé ohun tó ń mú kíréènì dúró àti ohun tó ń mú un wó;
3. pàṣẹ fún ọmọdé àti àgbà, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn;
4. fi ìyàtọ̀ sáàárín máa àti má, nínú ìwé àti lẹ́nu.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, a ti ra ata lọ́jà, a ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a sì ti wọ dánfó láti Ọ̀jọ́tà dé CMS. Lónìí, a fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ kíréènì. Ó kàn yín. Bí ẹ bá dé Èkó, ẹ máa rí kíréènì ní Ìkòyí, ní Lẹ́kí àti ní èbúté Àpápá. Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà náà, kò sí ìlú ńlá tí ẹ máa dé tí ẹ kò ní rí i. Nínú yín, a rí ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà, a rí ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, a sì rí ẹni tó fẹ́ máa ṣe ògbufọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lè pe ọ̀kan nínú yín láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lọ́jọ́ náà, àṣìṣe lórí ohùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àpápá, wa kíréènì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, ó ń gbé irin gígùn sókè. Ọkùnrin tó ń tọ́ ọ sọ́nà wà nílẹ̀, ó ń pariwo pé, «Má gbé e! Má gbé e!» nítorí ó ti rí i pé okùn kan ti yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Ohun tí Bàbá Àpápá gbọ́ ni, «Máa gbé e! Máa gbé e!» Ó sì ń gbé e lọ. Ọmọ iṣẹ́ kékeré kan, tí kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀, ló na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń jù wọ́n síwá sẹ́yìn. Bàbá Àpápá rí i, ó sì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irin kan já bọ́ sórí iyanrìn. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀.

«Lọ́jọ́ yẹn,» ni Bàbá Àpápá máa ń sọ, «etí mi purọ́ fún mi; ojú mi ló gbà mí.»

Ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn. A máa padà sí i nígbà tí a bá dé ibi gírámà.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

kíréènì: ẹ̀rọ tó ní apá gígùn, tí a fi ń gbé ẹrù wúwo sókè, tí a sì fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nínú ìwé, ẹ lè rí «ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè». Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, kíréènì ni.
katapílà: ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tàbí tó ń ti yẹ̀pẹ̀.
típà: ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gbéra sókè láti da iyanrìn tàbí òkúta sílẹ̀.
awakíréènì: ẹni tó ń wa kíréènì. (Ẹ rántí awakọ̀.)
atọ́nà: ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, òun ni ẹni tó dúró nílẹ̀, tó ń fi ọwọ́ sọ ohun tí awakíréènì gbọ́dọ̀ ṣe.
ìkọ́: irin tó tẹ̀ bí ìka, tí a ń fi ẹrù kọ́.
okùn wáyà: okùn tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ lọ́ pọ̀.
ẹsẹ̀ irin: ẹsẹ̀ tó máa ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíréènì kí ó má baà ṣubú.
àtẹ ìwọ̀n: ìwé tó sọ bí ẹrù tí kíréènì lè gbé ṣe wúwo tó.
àṣíborí: fìlà líle tó ń dáàbò bo orí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń pè é ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì.
fi ẹ̀mí wewu: ṣe ohun tó lè pa ni.

KÍKÀ 1: KÍ LÓ Ń MÚ KÍRÉÈNÌ WÓ?

Ẹ pọn omi kún garawa kan. Ẹ gbé e mọ́ àyà yín. Ó wúwo díẹ̀, àbí? Ẹ wá na ọwọ́ yín jáde tààrà, kí ẹ sì gbé garawa náà bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, apá á máa gbọ̀n, ẹ̀yìn á máa dùn yín, ara yín á sì fẹ́ tẹ̀ síwájú. Omi inú garawa kò pọ̀ sí i. Ọ̀nà tó jìn sí ara yín ló yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kíréènì. Bí ẹrù tọ́ọ̀nù 2 bá wà ní mítà 5 sí àárín kíréènì, 2 lọ́nà 5 jẹ́ 10. Bí ẹrù kan náà bá wà ní mítà 20, 2 lọ́nà 20 jẹ́ 40. Agbára tó fẹ́ dojú kíréènì dé ti di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹrù náà kò fi kílò kan wúwo sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ «tọ́ọ̀nù 50» sára kíréènì, ẹ má rò pé ó lè gbé tọ́ọ̀nù 50 níbi gbogbo. Ìgbà tí ẹrù bá sún mọ́ ọn nìkan ló lè gbé e. Ìdí nìyí tí àtẹ ìwọ̀n fi wà nínú yàrá awakíréènì. Awakíréènì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, kí ó mọ bó ṣe jìnnà tó, kí ó sì wo àtẹ náà kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìkọ́ àti okùn pàápàá jẹ́ ara ẹrù. A gbọ́dọ̀ kà wọ́n mọ́ ọn.

Ohun kejì ni ilẹ̀. Kíréènì alágbára tó dúró sórí ilẹ̀ tó rọ̀ kò yàtọ̀ sí àgbà tó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. A gbọ́dọ̀ na àwọn ẹsẹ̀ irin jáde tán, kí a sì fi pákó tó nípọn tàbí irin pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn, kí wọ́n má baà rì. Ẹ ṣọ́ra fún ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó yẹ̀pẹ̀ dí, etí kòtò, àti ibi tí ṣalángá àtijọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ohun kẹta ni afẹ́fẹ́. Ẹ ti sá aṣọ rí lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ mọ bí ibùsùn fífẹ̀ ṣe máa ń fa okùn ju ìbọ̀sẹ̀ lọ. Ẹrù tó fẹ̀, bíi páànù tàbí ògiri tí a ti kọ́ tẹ́lẹ̀, máa ń gba afẹ́fẹ́ bí ibùsùn. Afẹ́fẹ́ lè tì í jìnnà sí kíréènì, ẹ sì ti mọ ohun tí jíjìnnà máa ń ṣe.

Ohun kẹrin ni wáyà iná. Kíréènì kò nílò láti fọwọ́ kan wáyà kí iná tó mú un. Iná lè fò bí wọ́n bá sún mọ́ra jù. Ní Amẹ́ríkà, bí agbára iná inú wáyà kò bá ju kílófóòtì 50 lọ, ẹrù tàbí apá kíréènì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Bí iná náà bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ jìnnà sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé kíréènì kan wáyà, kí awakíréènì jókòó síbi tó wà títí wọ́n á fi pa iná wáyà náà, àfi bí kíréènì bá ń jóná. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré lọ fà á jáde. Àánú wọn lè di ikú wọn.

Ohun karùn-ún ni abẹ́ ẹrù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró tàbí kọjá lábẹ́ ẹrù tó wà lókè, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Àṣíborí dára, ṣùgbọ́n kò sí àṣíborí tó lè gba tọ́ọ̀nù kan. Àwọn àgbà ní: «Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀.»

Ti katapílà náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí iwájú rẹ̀ bá ń yí sí ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí sí òsì, ó sì lè tẹ ènìyàn mọ́ ògiri. Òfin kan rọrùn láti rántí: bí ẹ kò bá rí ojú ẹni tó ń wà á, ẹ gbà pé òun náà kò rí yín.

KÍKÀ 2: OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MILWAUKEE

Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1999, wọ́n ń kọ́ pápá ìṣeré ńlá kan ní ìlú Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Miller Park ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Kíréènì gàgàrà kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní Big Blue. Lọ́jọ́ náà, ó gbé apá kan òrùlé pápá náà sókè. Ẹrù yìí ju tọ́ọ̀nù 400 lọ, ó sì fẹ̀ gan-an. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi. Àwọn òṣìṣẹ́ irin mẹ́ta wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan tí kíréènì mìíràn gbé sókè, wọ́n ń dúró de òrùlé náà kí wọ́n lè bá iṣẹ́ wọn lọ. Big Blue wó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú.

Wọ́n sún ọjọ́ ìṣílé pápá náà síwájú, ọdún 2001 ni wọ́n tó ṣí i. Lónìí, ère àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà níta pápá náà ní ìrántí wọn. Bí ẹ bá lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ níwájú ère náà. Kíréènì lágbára, àwọn òṣìṣẹ́ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò ka agbára kíréènì sí, kò sì ka ọjọ́ tí a ṣèlérí pé iṣẹ́ máa parí sí.

KÍKÀ 3: ÈDÈ ỌWỌ́

Nítorí pé ariwo pọ̀ níbi iṣẹ́, atọ́nà àti awakíréènì ní èdè ọwọ́. Ẹ dìde, kí ẹ sì ṣe mẹ́rin yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà:

Gbé e sókè: ẹ gbé apá láti ìgúnpá sókè tààrà, ẹ na ìka ìfábẹ̀lá sókè, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yí òbìrí kékeré.
Sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ẹ na apá sísàlẹ̀, ẹ na ìka sílẹ̀, kí ẹ sì máa yí òbìrí kékeré.
Dúró: ẹ na apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì máa jù ú síwá sẹ́yìn.
Dúró lójú ẹsẹ̀, ewu wà: ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú apá méjèèjì.

Atọ́nà kan ṣoṣo ni awakíréènì máa ń tẹ̀ lé. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń júwe fún un, ta ni kó gbọ́ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fún un: «Dúró.» Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí kíréènì níbi ìkọ́lé, tó jáde ní 2010, sọ pé awakíréènì gbọ́dọ̀ dúró bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní àmì ìdúró. Kò ní kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí onítọ̀hún tàbí ipò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù kan lè dá ọ̀gá dúró. Kò sì yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, torí àwa náà la sọ pé: «Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.»

ÌSỌ̀RỌ̀GBÈSÌ

(Ní Lẹ́kí, ní aago méje àárọ̀. Ṣadé, ọmọ ọdún 22, ń kọ́ iṣẹ́ atọ́nà. Ọ̀gá Tàjú ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún; òun ni awakíréènì.)

Ṣadé: Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ o.
Ọ̀gá Tàjú: Káàárọ̀, Ṣadé. Ṣé dáadáa lo jí?
Ṣadé: A dúpẹ́ sà. Ọ̀gá, mo ti wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ irin tó wà lápá ọ̀tún ti ń rì díẹ̀. Òjò àná ló fà á.
Ọ̀gá Tàjú: O ṣé é. Ní kí wọ́n fi pákó mìíràn sábẹ́ rẹ̀. A ò ní gbé nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi dúró ire. Báwo ni ẹrù àkọ́kọ́ ṣe wúwo tó?
Ṣadé: Wọ́n ní kò ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ.
Ọ̀gá Tàjú: «Wọ́n ní» kọ́ o. Ta ló wọ̀n ọ́n?
Ṣadé: Ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìwé tó bá a wá.
Ọ̀gá Tàjú: Ìyẹn ló dáa. Ṣadé, gbọ́. Bí o bá rí ewu, kí ni o máa ṣe?
Ṣadé: Màá sọ pé, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ó dà bí ẹni pé...»
Ọ̀gá Tàjú: (Ó ń rẹ́rìn-ín.) Kí o tó sọ ìyẹn tán, ẹrù ti balẹ̀ lórí ènìyàn! Na ọwọ́ méjèèjì. Bí o bá máa pariwo, «Dúró!» náà ti tó. Mi ò ní bínú.
Ṣadé: Láìfi «ẹ» sí i? Bí màmá mi bá gbọ́ ńkọ́?
Ọ̀gá Tàjú: Màmá rẹ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Òun náà ò fẹ́ gbọ́ òkú ẹnikẹ́ni.

GÍRÁMÀ

1. Dúró! / Ẹ dúró!
Ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín tàbí tó kéré sí yín: Dúró! Kúrò níbẹ̀! Sọ̀ ọ́ kalẹ̀!
Àgbà kan, tàbí ènìyàn púpọ̀: Ẹ dúró! Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!
Ẹ wò ó pé «ẹ» kéré, kò gba àkókò. Bí ẹ bá ráyè sọ ọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá sì bọ́ sọnù nínú ìbẹ̀rù, ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú.

2. Máa / Má
Máa gbé e = tẹ̀ síwájú, má dáwọ́ dúró.
Má gbé e = fi í sílẹ̀.
Máa bọ̀ = tẹ̀ síwájú, wá sọ́dọ̀ mi.
Má bọ̀ = dúró síbi tí o wà.
Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju fáwẹ̀lì kan lọ: máa ní ohùn òkè àti ohùn àárín; má ní ohùn òkè nìkan. Bí ènìyàn bá yára sọ máa, ó lè dún bíi má. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Àpápá. Ìmọ̀ràn mi fún yín ni pé, nígbà tí ewu bá wà, ẹ má lo má rárá. Ẹ sọ «Dúró!» Kò sí ọ̀rọ̀ tó lòdì sí i tó jọ ọ́ létí.

3. Gbọ́dọ̀ / Kò gbọdọ̀
Awakíréènì gbọ́dọ̀ wo àtẹ ìwọ̀n.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá lábẹ́ ẹrù.
Ẹ kíyè sí ohùn: lẹ́yìn kò, gbọ́dọ̀ di gbọdọ̀.

4. Kí... má baà
A fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ irin kí ó má baà rì.
Ẹ wọ àṣíborí kí nǹkan má baà bà yín lórí.

ÀṢÀ: ÌGBÀ WO LA Ń KÍ ÒṢÌṢẸ́?

Ẹ ti mọ̀ pé Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. «Ẹ kú iṣẹ́ o!» la máa ń sọ. Ẹni tí kò kí òṣìṣẹ́, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ẹ ronú nípa awakíréènì tí ẹrù rẹ̀ wà lókè. Bí ẹ bá pè é, ojú rẹ̀ á kúrò lára atọ́nà. Bí ẹ bá juwọ́ sí i láti kí i, ẹ rántí ohun tí jíju apá síwá sẹ́yìn túmọ̀ sí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè dá iṣẹ́ dúró lójijì kí ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta. Ẹ jẹ́ kí ẹrù balẹ̀, kí ìkọ́ ṣófo. Nígbà náà, ẹ wá sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu tó já gaara: «Ẹ kú iṣẹ́ o!» Wọ́n á dá yín lóhùn dáadáa. Ìkíni tó dé lásìkò ni ìkíni.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni Bàbá Àpápá gbọ́? Kí ni atọ́nà rẹ̀ sọ gan-an?
2. Ẹrù tọ́ọ̀nù 3 wà ní mítà 6. Wọ́n wá gbé e lọ sí mítà 18. Ìlọ́po mélòó ni agbára tó fẹ́ dojú kíréènì dé ti di?
3. Kí nìdí tí àwọn tó wà nílẹ̀ kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan kíréènì tó kan wáyà iná?
4. Kí ni Ọ̀gá Tàjú ní lọ́kàn nígbà tó sọ pé, «Wọ́n ní» kọ́ o?
5. Ẹ fi gbọ́dọ̀ tàbí kò gbọdọ̀ dí àlàfo: (a) Atọ́nà ___ dúró síbi tí awakíréènì ti lè rí i. (b) Àwọn ọmọdé ___ ṣeré nítòsí katapílà. (d) A ___ gbé páànù sókè nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ pín ara yín sí méjì méjì. Kí ẹnì kìíní kọjú sí ògiri, kí ẹnì kejì sì máa sọ «Máa bọ̀» tàbí «Má bọ̀» láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó kọjú sí ògiri á gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn bó bá gbọ́ «Máa bọ̀», á sì dúró bó bá gbọ́ «Má bọ̀». Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá níbi tó dákẹ́. Ẹ wá tan rédíò, kí ẹ sì tún ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ẹ kọ iye àṣìṣe yín sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí ẹ rí. Ẹ mú un wá sí kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín bí àṣìṣe bá pọ̀. Àwa tí wọ́n bí sínú èdè náà máa ń ṣì í gbọ́.